Bí Mo Ṣe Ti Àlàájì Mọ́ Ìta Àkáǹtì Ara Wọn

Ọjọ́bọ̀ kan ń bẹ tí mo ti bẹ̀ títí pé kó jọ̀wọ́ kó kúrò lọ́kàn mi. Ó kọ̀, ó ní ibẹ̀ tu òun lára. Bí mo bá ń jẹun tí mo rántí rẹ̀, òkèlè á dúró sọ́nà ọ̀fun. Bó bá jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti rántí rẹ̀, ńṣe ni mo máa ń dojú délẹ̀ bí ẹni tí àdúrà wọ̀ lára. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ fún yín, bóyá ìtìjú náà á fúyẹ́ tí a bá jọ rù ú.

Lálùpọn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ kan tó ń tajà fún àwọn àgbẹ̀ lórí fóònù. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, torí pé àwọn ló ṣì ń bọ́ mi. Bí o bá ń wá irúgbìn àgbàdo, oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko, bàtà òjò, àpò gààrí, tàbí ọṣẹ àti aṣọ fún ìyàwó ilé, o kàn máa tẹ fóònù ni, wọ́n á gbé e wá bá ọ ní abúlé rẹ. Èmi kọ́ ni mo ń gbé ẹrù o. Ẹ má fi mí wọ́lẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, kí n máa ṣọ́ ìṣesí àwọn oníbàárà: ìgbà tí wọ́n ṣí áàpù wa, ohun tí wọ́n wò, bí wọ́n ṣe pẹ́ tó lórí rẹ̀, bí ìka wọn ṣe yá tó, ibi tí fóònù wọn wà. Nílé, ìyá mi nà mí nítorí pé mo ń yọjú wo ohun tí àwọn aládùúgbò ń ṣe. Níbi iṣẹ́, owó oṣù ni wọ́n ń san fún mi lórí rẹ̀.

Ohun méjì la ń fi ìṣesí yìí ṣe. Ọ̀kan ni ìpolówó. Bí o bá tẹjú mọ́ bàtà òjò lónìí, kó tó di ọ̀túnla a ó ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ bàtà òjò ránṣẹ́ sí ọ, a ò sì ní sinmi títí wàá fi rà á tàbí títí wàá fi ju fóònù rẹ sódò. Ìkejì ni ààbò. Olè lè jí fóònù rẹ, ṣùgbọ́n kò lè jí ìṣesí rẹ. Bí ẹ̀rọ wa bá rí i pé ẹni tó ń tẹ fóònù kò tẹ̀ ẹ́ bí o ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, á ké gbàjarè, èmi á sì ti àkáǹtì náà pa kí olè tó rí nǹkan kan mú. Ọgbọ́n gidi ni, mi ò bú u. Ẹni tí wọ́n gbé ọgbọ́n náà lé lọ́wọ́ ni kí ẹ máa wò.

Nínú gbogbo oníbàárà wa, Àlàájì Ganíyù ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n ní oko ẹ̀gẹ́ àti ibùdó gààrí lẹ́yìn Lálùpọn, wọ́n sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ìṣesí wọn gún bí okùn tí wọ́n nà. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, áàpù á ṣí. Ìka á máa sáré bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà: oògùn koríko, àpò gààrí, ọṣẹ, ó parí. Kò ṣi nǹkan tẹ̀ rí, kò sì pa dà sẹ́yìn rí. Nígbà tí àwọn ọ̀gá àgbà wá láti Ìbàdàn, ìṣesí Àlàájì ni mo gbé sára ògiri fún wọn wò. Mo gbáyà síwájú, mo ní, "Ẹ wo bàbá yìí. Mo mọ̀ wọ́n ju ìyàwó wọn lọ." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Èmi náà tẹrí ba.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn tí nǹkan fi yí padà. Àkáǹtì Àlàájì bẹ̀rẹ̀ sí ṣí ní aago méjì ọ̀sán, lórí fóònù tuntun tí a kò rí rí, ní Ẹgbẹ́dá! Ẹni tó ṣí i tẹ páswọ̀ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà á. Ó ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fẹsẹ̀ wá ọ̀nà nínú ẹrẹ̀. Apá ọ̀tún ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á wá máa bọ̀ sí òsì. Ó gbàgbé oògùn koríko, ó gbàgbé àpò gààrí. Ojú ewé wíìgì ló dúró sí fún ogójì ìṣẹ́jú. Wíìgì obìnrin! Ẹni tó bá ní làákàyè á gbé fóònù, á pe Àlàájì, á ní, "Ẹ kú ọ̀sán sà, ṣé ẹ̀yin ni?" Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ẹni tó ní làákàyè, onímọ̀ détà ni mí.

Bí mo ṣe ń ro bí mo ṣe máa mú olè yìí, apá ìpolówó, tó jẹ́ èmi náà ni mo ṣètò rẹ̀, ti ṣe tirẹ̀. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tó wà lórí àkáǹtì: "Àlàájì wa ọ̀wọ́n, wíìgì tí ẹ wò fún ogójì ìṣẹ́jú ṣì ń retí yín. Ẹ rà á, kí ẹ fi múnú olólùfẹ́ yín dùn." Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ "olólùfẹ́" síbẹ̀. Mo ti rò ó pé ó máa wọ àwọn èèyàn lọ́kàn.

Ó wọ ẹnì kan lọ́kàn. Nọ́ńbà yẹn wà lórí fóònù ńlá tó ń gbé inú ilé, ọwọ́ ìyàwó Àlàájì ni fóònù ọ̀hún sì máa ń wà. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ tí mò ń wí yìí, Alhájà wọlé sí ọ́fíìsì wa. Hìjáàbù aláwọ̀ ewé ló wà lórí wọn, ìyẹ̀fun gààrí ṣì wà lápá wọn, wọ́n sì di igi gígùn tí wọ́n fi ń yí gààrí lórí agbada mú bí ọ̀pá àṣẹ.

"Ìwọ ni wọ́n ní ó ń kọ lẹ́tà?"

"Ẹ káàsán mà. Lẹ́tà wo ni, mà?"

"Wíìgì. Ogójì ìṣẹ́jú. Olólùfẹ́." Wọ́n ń kà á bí ẹni ń ka ẹ̀sùn. "Èmi nìkan ni ìyàwó tí Àlàájì ní. Hìjáàbù ni mò ń wọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wọlé. Ta ló fẹ́ dé wíìgì náà?"

Òfin ilé-iṣẹ́ wa sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ìṣesí oníbàárà han ẹlòmíì. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, èmi ni mo tẹ ìwé òfin náà mọ́ ògiri. Abẹ́ ìwé náà gan-an ni mo jókòó sí nígbà tí mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí wọn.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà," mo ní. "Àlàájì kọ́. Olè ni. Ẹ wò ó, Ẹgbẹ́dá ló wà."

Alhájà wo kọ̀ǹpútà, wọ́n wo ojú mi. "Ẹgbẹ́dá náà ni Àlàájì wà báyìí. Wọ́n ní àwọn ń lọ ìpàdé àgbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń lọ."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Alhájà náà ti mọ̀, tàbí wọ́n rò pé àwọn mọ̀. Èmi ọ̀jọ̀gbọ́n ńkọ́? Mo mi orí, mo ní, "Háà! Olè yẹn ń tẹ̀ lé Àlàájì kiri ni!"

Àfi bí ẹni pé ẹ̀rọ fẹ́ tì mí lẹ́yìn, ó ké: ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àkáǹtì náà ní Ẹgbẹ́dá. Mi ò ronú ẹ̀ẹ̀mejì. Mo tì í pa, mo sì fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sójú fóònù tó wà lọ́wọ́ olè. Alhájà ní, "Gbé mi lọ." Mo gbé ọ̀kadà ilé-iṣẹ́, wọ́n gun ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n gbé igi gààrí dábùú láàárín wa. Gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà àárín oko náà ni igi yẹn fi gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní gbogbo ọ̀nà, Alhájà ń sọ fún mi létí ohun tí àwọn máa ṣe fún obìnrin tó ni wíìgì. Mo ní, "Olè ni mà." Wọ́n ní, "Èmi náà ṣáà ní olè ni. Ọkọ ló jí."

Máàpù orí fóònù mi mú wa dé ẹ̀yìn ọjà Ẹgbẹ́dá, ó ní ibẹ̀ rèé. Mo gbójú sókè. Ṣọ́ọ̀bù onídìrí ni. Wíìgì dúdú, wíìgì pupa, wíìgì oríṣiríṣi wà lórí àwọn orí onírọ́bà tí wọ́n fi ń pàtẹ wọn. Alhájà kò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n wọlé, wọ́n fi igi gààrí lu tábìlì, gbàmù! "Ta ni nínú yín?"

Obìnrin tí wọ́n ń dirí fún fò dìde pẹ̀lú ìlàjì orí. Mo sáré wọlé láti là wọ́n, mo fi ẹsẹ̀ kọ garawa omi ọṣẹ. Omi dà sí mi lára láti ìbàdí dé ẹsẹ̀, èmi àti orí onírọ́bà mẹ́ta sì jọ sùn nílẹ̀. Nígbà tí mo dìde, wíìgì pupa kan ti gùn mí lórí.

Alhájà wò mí. "Ó bá ọ mu," wọ́n ní.

Onídìrí gbá orí mú. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ ń wá?"

"Ọkọ mi! Àlàájì kan, ẹni pupa, tó dé fìlà funfun!"

"Àlàájì tó máa ń wá sílé kejì yìí? Lọ́dọ̀ Màmá Tíṣà? Wọ́n ti wà níbẹ̀. A máa ń gbọ́ ohùn wọn. Wọ́n á máa pariwo 'bà, bà, bà'."

"Màmá wo? Bà kí ni?" Alhájà ti jáde. Máàpù wa fi nǹkan bí ogójì ẹsẹ̀ bàtà ṣìnà. Kí ni ogójì ẹsẹ̀ bàtà já mọ́ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì? Ilé ẹni ẹlẹ́ni lásán ni.

A dé abẹ́ fèrèsé ilé kejì. Mo ní kí Alhájà dúró, kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohùn olè. A gbọ́ ọ. Ohùn Àlàájì ni, ó ń wá díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa omi nínú kànga jíjìn.

"A... fu... ra... A fura. Pé. A fura pé... ẹ... ni... ẹni... tó... ń lo..."

"Ẹ ń gbìyànjú, Àlàájì," ohùn obìnrin àgbàlagbà kan ní. "Ẹ máa bọ̀. Láti òsì, ẹ má gbàgbé. Kéwú ló ń ti ọ̀tún bọ̀."

"A fura pé ẹni tó ń lo... à... kán... àkáǹtì yìí... kì í ṣe... ẹni... tó ni ín." Àlàájì kígbe, "Mo kà á tán! Mo kà á tán láìsí ẹni tó bá mi kà á! Àlíhámúdù lílàhì!" Ìgbà náà ni ohun tí wọ́n kà wá wọ̀ wọ́n lára. "Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń bá wí?"

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ilẹ̀ Ẹgbẹ́dá le lọ́jọ́ náà. Alhájà ti ti ilẹ̀kùn wọlé.

Kò sí obìnrin oníwíìgì níbẹ̀. Bọ́ọ̀dù dúdú kékeré kan ló wà, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, àga méjì, àti ìyá arúgbó kan tó wọ jígí. Àlàájì jókòó bí ọmọ pámárì, fóònù tuntun wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n rí ìyàwó wọn, ojú tì wọ́n débi pé wọ́n fi fìlà bo ojú fóònù. Èmi náà wo ìyá arúgbó náà dáadáa, ẹ̀rù sì bà mí. Ìyá tó kọ́ mi ní ABD ní Ẹgbẹ́dá nígbà tí mo wà ní pámárì kejì ni. Wọ́n wò mí láti wíìgì orí mi, wọ́n wò mí dé ṣòkòtò mi tí omi ń kán nínú rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí," Màmá Tíṣà ní, "o ò tíì jáwọ́ nínú ìtọ̀ títọ̀ sára?"

Ẹ jẹ́ kí n fo ohun tí mo fi dáhùn. Àlàájì ló sọ̀rọ̀, Alhájà ni wọ́n ń bá sọ ọ́. Ohùn wọn kò le rárá, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí. Wọ́n ní kéwú ni bàbá àwọn fi àwọn sí, pé àwọn lè ka Kùráánì láti páálí dé páálí, ṣùgbọ́n àwọn kò mọ ABD. Ìyàwó àwọn ló ń bá àwọn ka gbogbo nǹkan, òun náà ló ń bá àwọn tẹ fóònù.

"Sìkírà ọmọ mi kọ̀wé sí mi láti ilé-ẹ̀kọ́. Ó ní òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́, kí n fèsì. O kà á fún mi pé ó ní kí n kú iṣẹ́. Oṣù mẹ́ta ni ọmọ mi fi ń retí èsì. Ó wá pè mí, ó ń sunkún, ó ní, 'Bàbá, kí ni mo ṣe fún yín?' Èmi kò mọ nǹkan kan."

Igi gààrí bọ́ lọ́wọ́ Alhájà. "Mo fẹ́ kọ́kọ́ wádìí ilé ọmọkùnrin náà ni, Àlàájì. Mi ò fẹ́ kí ẹ dá a lóhùn kí n tó mọ̀ wọ́n."

"O bá ní kí n dúró. Mo ṣáà ní etí."

Èmi tó yẹ kí n jáde, mo rò ó pé ìmọ̀ mi lè tún nǹkan ṣe. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Àmọ́, wíìgì yẹn ńkọ́?"

"Èmi ni mo yàn án," Màmá Tíṣà ní. "Lẹ́tà ibẹ̀ tóbi, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sì kúrú. Irun dúdú. Irun pupa. Irun gígùn. Ṣé orúkọ oògùn koríko ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà? Ìwọ náà lè pe orúkọ wọn?"

Mi ò lè pè é. Mo ní kí n kúkú ṣí àkáǹtì náà fún Àlàájì kíá, kí n máa lọ. Ẹ̀rọ kò gbà. Ó ní kí ẹni tó ni àkáǹtì kọ orúkọ ara rẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, kí òun fi mọ̀ pé òun gan-an ni. Mo gbé e fún Àlàájì. Wọ́n wá G, wọ́n rí i. Wọ́n wá A, wọ́n rí i. Òógùn ń bọ̀ lójú wọn, Màmá Tíṣà ń mi orí sí i, gbogbo wa ń mí pọ̀. Wọ́n kọ ọ́ tán, Ganíyù, wọn kò ṣi lẹ́tà kan. Ẹ̀rọ ní: "Ẹ kì í ṣe ẹni tó ni àkáǹtì yìí." Wọ́n tún un kọ. Ẹ̀rọ tún sọ bẹ́ẹ̀.

Alhájà na ọwọ́. "Gbé e wá," wọ́n ní jẹ́jẹ́. Ìka wọn sáré lórí rẹ̀, gbirigbiri, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Àkáǹtì ṣí wàì. Lẹ́tà ńláńlá jáde lójú fóònù, Àlàájì sì fi ìka tọ̀ ọ́, wọ́n kà á sókè fún gbogbo wa: "Ẹ... káà... bọ̀... Àlàájì... Ga... ní... yù."

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí. "Ọmọ mi, ìwọ tí o mọ̀wé. Tí ìyàwó mi bá ń jẹ́ Ganíyù, èmi ta ni?"

Mo ti rò ó pé mo mọ bàbá yìí ju ìyàwó wọn lọ. Ìyàwó wọn gan-an ni mo mọ̀. Bàbá fúnra wọn, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara wọn kan ilẹ̀kùn ilé ara wọn ni mo ké olè lé wọn lórí. Alhájà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, wọ́n sì kúnlẹ̀ níwájú ọkọ wọn. Àlàájì ní kí wọ́n dìde, pé ilẹ̀ ti tutù nítorí ṣòkòtò mi.

Ọ̀gá mi gbọ́ ọ kí n tó pa dà dé Lálùpọn, torí pé onídìrí ti fi nọ́ńbà tó wà lára ọ̀kadà wa pè wọ́n nípa àwọn orí onírọ́bà rẹ̀. Mo ti múra ìwádìí kalẹ̀: ìdí tí ẹ̀rọ fi ṣìnà, ohun tí a lè ṣàtúnṣe. Wọn kò wò ó. Wọ́n na ìka sí fóònù tó wà lórí tábìlì mi. "Ṣé èyí ti bàjẹ́ ni?" Mo ní rárá, mà. "O lè fi pe èèyàn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. "Ó dáa. Mo kàn ń béèrè ni." Wọ́n jáde. Wọn ì bá nà mí, ó sàn.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀rọ bá ké, mo máa ń pe oníbàárà, mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohun tí mo ti gbọ́ kọjá sísọ. Àkáǹtì bàbá kan, ọmọ rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́. Ti ìyá kan, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni. Ọ̀kan tí mo ti ń pè ní "oníbàárà tí kò ní sùúrù," ọwọ́ ló ń dùn ún. Ìṣesí kò parọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó ni ọwọ́, kò sì sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á la ẹnu béèrè. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn, garawa omi ọṣẹ kan ló ná mi.

Àlàájì fèsì fún Sìkírà fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré ni, ó gbà wọ́n ní odindi ọ̀sán kan: "Mo gbọ́. Mú ọmọ náà wá." Wọ́n ṣí àkáǹtì tuntun, wọ́n sì ń ka gbogbo ohun tí a bá fi ránṣẹ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀, láìfo kọ́mà kan. Ẹ kò mọ bí ó ti nira tó láti máa kọ ìpolówó fún ẹni tó ń kà á ní tòótọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kánjú, mo gbàgbé àmì lórí ọ̀rọ̀ kan. Mo fẹ́ ta irinṣẹ́ ìroko. Mo kọ ọ́ pé, "Ọkọ tuntun ti dé fún ilé yín. Ó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Kò pẹ́ tí fóònù mi fi dún.

"Ọmọ mi," Àlàájì ní, "ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí lẹ́tà yín. Tó bá jẹ́ ọkọ́ ni, ẹ gbé méjì wá. Tó bá jẹ́ ọkọ ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un pé mo ṣì wà láyé."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ má bi mí bóyá gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rín.